Bóòtù Ojú Kílọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kìíní

Màmá pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún lónìí. Mo se ẹja pupa, mo yan kéèkì, Renatus àbúrò mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kéèkì náà jẹ. Òtútù mú débi pé ìṣó ara ògiri ń dún pàù-pàù bí ìgbà tí ẹnìkan ń yìnbọn níta.

Bí a ṣe pa àbẹ́là tán, Màmá wo gbogbo wa yíká, ó ní, “Ernestina ń kọ́?”

Mo pe Ernestina ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Akuliak, mo gbé fóònù sí Màmá létí.

“Ọmọ mi,” Màmá ní, “ọdún Àjíǹde mẹ́tàlá nìyí. Ìgbà ooru nìkan ni mo máa ń rí ẹ bí àlejò tó bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ṣé mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ níbi orin Àjíǹde mọ́ kí n tó lọ ni?”

Mi ò gbọ́ ohun tí Ernestina fi dáhùn. Ọdún mẹ́ta léra ló ti sanwó ọkọ̀ òfurufú, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni kùrukùru ò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Màmá.

“Àǹtí mi, mò ń bọ̀ wá gbé yín.”

“Kí lo fẹ́ fi gbé mi?”

“Alùpùpù yìnyín mi. Tuntun ni.”

 

“Tuntun ni ti Zakarias náà, Hulda.”

 Lórí Ọrùn, níbi tí ilẹ̀ ti há láàárín omi méjì, ni alùpùpù Zakarias, ọkọ Ernestina, ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn, ìjì yìnyín sì bá a lọ́nà, ó kú síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀rọ náà wò, bóòtù kan péré ló tú: èyí tó de kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì.

“Gbọ́,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fi ọwọ́ ara rẹ yẹ bóòtù yẹn wò, tí o sì fún un le, màá jókòó sẹ́yìn rẹ. Kì í ṣe Renatus o. Ìwọ.”

Ohùn fóònù ròkè, Renatus gbọ́. Ó ní, “Kí ni mo ṣe fún un?”

Mo ti ní “Ó dáa, mo gbà” kí n tó rántí pé mi ò mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì wà.


Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kejì

Mo rí i. Ó wà lápá òsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí bí abọ́ irin méjì tó dojú kọ ara wọn, bẹ́líìtì rọ́bà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sì wà láàárín wọn. Ìwé ẹ̀rọ náà sọ ọ́ lójú ewé 71, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: láàárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹni tó ni ín yẹ bóòtù náà wò, kó sì fi sípánà oníwọ̀n fún un le títí dé ìwọ̀n àádọ́rùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Mo ti gùn ún ní kìlómítà igba ó lé mẹ́wàá.

Renatus wá gba ìkòkò. Àwa méjèèjì la ra ẹ̀rọ kan náà, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló kó wọn wá nínú Oṣù Kọkànlá. Tèmi pupa, tirẹ̀ dúdú. Ó rí mi pẹ̀lú ìwé àti awò ojú, ẹ̀rín pa á.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tuntun lẹ fẹ́ tú? Ṣé àwọn tó ṣe é ò mọṣẹ́ wọn ni?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn náà ló kọ ọ́ síbí.”

“Wọ́n kàn ń kọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lẹ́jọ́ ni. Ẹ dákun, ẹ lọ rán bàtà awọ yín.”

Mo ní kó gbé ìkòkò mi sílẹ̀. Ó gbé e sá.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kejì

Mo béèrè sípánà oníwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, mo béèrè ní ilé ìgbìmọ̀ ìlú, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn dá: Efraim.

Mi ò lọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kejì

Ìjì. Mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Kábéèjì kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù, dọ́là mẹ́sàn-án! Mo gbé e padà sórí pẹpẹ bí ẹni gbé ẹyin.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kejì

Mo lọ.

Ọdún méjì ni mi ò ti bá Efraim sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Òun ni olórí àwọn onífèrè idẹ àti akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi ìgbáradì orin ìkórè, lójú gbogbo akọrin, ó ní ohùn mi ń gé orin bí ayùn. Mo ká ìwé orin mi, mo rìn jáde, mi ò padà.

Ilé irinṣẹ́ rẹ̀ gbóná, ó ń rùn bí epo àti kọfí. Kò gbójú sókè.

“Bọ̀ọ̀dá Efraim, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ mọ̀ mí.”

“Ohùn yẹn jọ ti Hulda, ṣùgbọ́n Hulda kì í wá síbí.”

“Ayùn ti dé,” mo ní. “Mo fẹ́ yá sípánà oníwọ̀n yín.”

Ó gbé fìtílà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí Ernestina dórí ojú ewé 71. Bí mo ṣe dárúkọ Zakarias, ó bọ́ fìlà. Òun wà lára àwọn tó lọ wá a nígbà náà; mi ò rántí.

“Mú un wá lọ́jọ́ Ajé,” ó ní. “Màá ṣe é fún ẹ, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ.”

“Rárá o. Èmi ni màá ṣe é. Ìlérí tí mo ṣe nìyẹn.”

“Nígbà náà, a jẹ́ pé ọ̀sán gbogbo nìyẹn.”

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. “Hulda. Ọ̀rọ̀ ayùn yẹn. Orin yẹn ló ga jù fún gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, ìwọ nìkan ni mo sì pariwo mọ́. Kò dáa bẹ́ẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò fẹ́ kó rí i pé inú mi dùn, mo bá ti ilẹ̀kùn.


Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kejì

Ọwọ́ mi ń ro mí, èékánná mi kan ti dúdú, mi ò sì láyọ̀ tó báyìí láti ọjọ́ tí mo ti ra ilé yìí.

Mo kọ́kọ́ gùn ún yí èbúté dídì ká kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná. Mo wá pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́, Efraim sì ní kí n ka gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe sókè. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yọ irin tó bo bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ló yọ mí lẹ́nu: mo fà á, ó fà mí. Efraim jókòó sórí garawa, ó ń mu kọfí.

“Má bá a jà. Ṣí abọ́ tẹ̀yìn kó gbòòrò, bẹ́líìtì á sì dẹ̀ fúnra rẹ̀.”

“Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan?”

“O ní ìwọ lo máa ṣe é.”

Nígbà tó yọ, mo di kílọ́ọ̀ṣì mú pẹ̀lú irin gígùn tó fún mi, kó má baà yí, mo fi sípánà oníwọ̀n bọ orí bóòtù. Bí ó bá ti dé àádọ́rùn-ún, sípánà náà á dún kọ́. Bí bóòtù bá ti le tẹ́lẹ̀, Efraim ní, á dún lójú ẹsẹ̀ láìyí rárá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Bóòtù ń yí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ń yí. Ìdá mẹ́rin àyíká kan, ó lé díẹ̀, kó tó dún kọ́.

 Efraim gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

 Ẹ̀rọ tuntun, tí ń dán. Mo ti gbé Màmá lórí ẹ̀rọ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Efraim ní bí ẹ̀rọ bá tuntun, kílọ́ọ̀ṣì á ṣì máa wá ibi tó máa jókòó sí lórí ọ̀pá, bó bá sì ti jókòó dáadáa, ọwọ́ bóòtù á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n dá bẹ́líìtì padà, kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n di bíréèkì mú, kí n fún un lépo díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n wá tún un wọ̀n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí díẹ̀ sí i, ó dún.

Bẹ́líìtì ni mo fi sódì nígbà àkọ́kọ́. Àmì ọfà wà lára rẹ̀. Efraim rí i, ó jẹ́ kí n di gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kejì

Mo pe Ernestina. Ó yẹ̀ mí wò bí ọ̀gá iléèwé.

“Èwo lo kọ́kọ́ yọ?”

“Irin tó bo bẹ́líìtì.”

“Lẹ́yìn ìyẹn?”

“Bẹ́líìtì.”

“Ṣé ó tú?”

Mo fẹ́ purọ́. Mi ò purọ́. “Ó dẹ̀, Àǹtí mi. Mo ti fún un.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ká ní o sọ pé kò dẹ̀ ni, mi ò ní gbà ẹ́ gbọ́, mi ò sì ní wá.” Ó ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí n máa sọ fún òun bó bá ṣe rí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kejì

Igi ìdáná, ẹrù méjì, láti ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀rọ pupa mi fa kómátíkì, ọkọ̀ pákó tí a fi ń wọ́ ẹrù lórí yìnyín, tó kún dẹ́nu, gun òkè láìkérora. Kómátíkì yẹn nìkan ló ń ké, ìsopọ̀ rẹ̀ ti gbó.

Nígbà tí mo délé, mo fi sípánà Efraim wọn bóòtù. Ó yí bí ìwọ̀n orí ìka kan. Mo kọ ọ́ sára ògiri ilé irinṣẹ́ mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejì

Renatus ló máa bá mi lọ sí Akuliak, ẹnikẹ́ni kì í dá gba Ọrùn kọjá mọ́. Torí náà mo lọ bá a.

“Jẹ́ kí n yẹ tìẹ náà wò.”

“Kílọ́ọ̀ṣì tèmi dákẹ́ jẹ́ẹ́.”

Kò dákẹ́. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń kọjá: bí ẹ̀rọ bá dúró lójú kan, ó ń dún gìrì-gìrì bí ọmọrí ìkòkò. Mo sọ fún un.

“Ẹ̀yin àti Efraim ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ báyìí,” ó ní. “Ṣé ẹ máa ṣe ìgbéyàwó nínú ilé irinṣẹ́ ni àbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì?”

Mo jù ú ní yìnyín. Ó bà á létí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹta

Kọ́! Lójú ẹsẹ̀! Bóòtù ò yí rárá!

Mo jó yí ẹ̀rọ náà ká. Màmá ń wò mí lójú fèrèsé, ó ní ṣé mo jóná ni.


Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Mo padà sáàárín akọrin lálẹ́ àná.  Wọ́n kàn sún, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi. Efraim ní, “Ẹ̀yin olóhùn kejì, ẹ ti pé báyìí.” Ìyẹn náà ti tó.


Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹta

Renatus wá jẹun. Ó ní kí n má ṣèyọnu mọ́, òun ti fọwọ́ ara òun ṣe kílọ́ọ̀ṣì òun. Ó ní òun yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá, òun “tọ́jú ẹ̀ dáadáa,” òun dá a padà. Mo ní níbo ló ti rí sípánà. Ó ní òun yá púlà tí wọ́n fi ń yọ kílọ́ọ̀ṣì àti sípánà lọ́wọ́ Efraim. Mo ní ṣé ó ka ojú ewé 71. Ó ní ta ló nílò ìwé.

Ṣùgbọ́n gìrì-gìrì yẹn ti lọ, ìyẹn ni mo rí. Inú mi dùn sí i. Mo fún un ní ẹran séèlì, ẹran inú òkun wa, kún abọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Afẹ́fẹ́ ti yí. Wọ́n ní ojú ọjọ́ máa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo di ẹrù: àgọ́, ààrò kékeré, epo, búrẹ́dì, ẹja gbígbẹ, tíì, bẹ́líìtì méjì. Efraim mú sípánà oníwọ̀n wá sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

“Màá dá a padà,” mo ní.

“Mú ẹ̀gbọ́n rẹ padà ná.”


Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹta

Akuliak. Ogóje kìlómítà, wákàtí mẹ́fà. Òkun dì gbagidi. Nígbà tí a gba orí Ọrùn kọjá, èmi àti Renatus bọ́ fìlà, a ò dúró.

Ernestina ò tíì di ẹrù kankan. Ó se ọbẹ̀ tó tó ogún ènìyàn, ó ń rìn káàkiri ilé, ó ń nu ohun tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó wọ aṣọ òtútù, ó jáde lọ síbi ẹ̀rọ mi. “Fi hàn mí,” ó ní.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ bẹ́líìtì, mo fi sípánà bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kọ́. Ó ní kí òun náà gbìyànjú. Mo gbé e fún un. Kọ́. Ó fọwọ́ kan bóòtù yẹn pẹ̀lú ìka kan, ó pẹ́ kó tó gbé ìka rẹ̀ kúrò.

“Ohun kékeré báyìí,” ó ní.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń ṣí àpótí aṣọ.


Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Àná la kúrò. Màá kọ ọ́ báyìí kí ọwọ́ mi tó gbàgbé.

Ernestina jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú débi pé mi ò lè mí dáadáa. Ó lé ní wákàtí kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ̀ díẹ̀. Renatus wà lẹ́yìn pẹ̀lú kómátíkì. Oòrùn ń ràn yòò. Nígbà tí a dé orí òkè Ọrùn mo wẹ̀yìn, mi ò rí i.

Mo yí padà. Ó wà ní ìdajì òkè, ó ń tẹ epo, ẹ́ńjìnnì ń ké rara, ẹ̀rọ náà ò sì kúrò lójú kan. Ó ń rùn bí irin tó jóná. Mo ṣẹ́wọ́ sí i kó pa á.

Ernestina sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró nínú yìnyín, ó ń wo ẹ̀rọ dúdú yẹn. Ojú rẹ̀ funfun bí búrẹ́dì tí kò tíì jiná. Ibẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí wọ́n ti rí ti Zakarias.  Níwọ̀ oòrùn, ìkùukùu kan ti ń dìde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bóòtù le, kò tú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ yí kílọ́ọ̀ṣì, ó ń yọ̀ lórí ọ̀pá, ọ̀pá ò sì bá a yí. Mo fi ìka kan ara rẹ̀. Ìka mi dúdú, ó ń yọ̀.

“Renatus. Kí lo fi sórí ọ̀pá yìí?”

Ó wo bàtà rẹ̀. “Gíríìsì.”

“Gíríìsì!”

“Kó lè wọlé dáadáa ni! Ó wọlé wẹ́rẹ́!”

“Gbígbẹ ló yẹ kó wà! Gbígbẹ, mímọ́! Wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́!”

“Mi ò ka ìwé,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, ó dúró níwájú mi bí ẹni tó fọ́ àwo. Ó wo ìkùukùu yẹn. “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbí. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ, kí n jókòó sórí kómátíkì. Màá padà wá gbé e.”

Mo fẹ́ gbà. Ohun tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, ìwọ̀nba àkókò ló kù. Àfi bí Ernestina ṣe sọ̀rọ̀.

“Rárá.”

Ó fọwọ́ lé ẹ̀rọ dúdú yẹn.

“A ò ní fi alùpùpù kankan sílẹ̀ lórí òkè yìí,” ó ní. “Zakarias ti fi ọ̀kan sílẹ̀ níbí rí. Hulda, ṣé o lè tún un ṣe?”

“Bí púlà bá wà.”

Renatus sáré lọ síbi àpótí rẹ̀. Kò tíì dá púlà Efraim padà. Ọ̀lẹ rẹ̀ gbà wá lọ́jọ́ yẹn.

Renatus àti Ernestina na aṣọ àgọ́ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo tú bóòtù, mo yí púlà wọlé títí apá mi fi ń gbọ̀n, Renatus sì fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Kílọ́ọ̀ṣì bọ́ sí mi lọ́wọ́, gbàù. Ọ̀pá náà ti ha díẹ̀, kò burú. Mo fi sáńpépà rọra pa ibi tó ha rẹ́.

“Aṣọ mímọ́,” mo ní. “Aṣọ tí kò kan epo rí.”

Renatus mú àkísà kan jáde, ó dúdú bí orùlé. Ernestina tú gèlè funfun ọrùn rẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ó fi fún mi. Mo fẹ́ dá a padà.

“Nù ún,” ó ní. “Aṣọ ni.”

Mo da epo ààrò sí i, mo nu ọ̀pá, mo nu inú kílọ́ọ̀ṣì, mo yí ojú aṣọ sí ibi mímọ́, mo tún nù ún, títí aṣọ ò fi gbé àwọ̀ kankan mọ́. Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Ernestina gbà wọ́n, ó ṣí aṣọ òtútù rẹ̀, ó ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ apá ara rẹ̀.  Orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

“Zakarias rò pé òun á tètè dé,” ó ní létí mi. “Ìdí tó fi rìn nìyẹn. Kò mọ ohun tó bà jẹ́.”

“Àwa mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ó ti tó, lọ parí ẹ̀.”

Mo dá a padà ní gbígbẹ. Renatus di irin mú, mo tẹ sípánà. Kọ́. Bẹ́líìtì, pẹ̀lú ọfà níwájú. Ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, epo díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún un wọ̀n. Ó yí ìwọ̀n orí ìka kan, kọ́. Renatus gorí ẹ̀rọ, ó tẹ epo pẹ̀lẹ́. Ó gbéra. Ó gun òkè yẹn dé orí, ó dúró lókè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

“Wò ó bí ẹni pé òun ló ṣe é,” Ernestina ní. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti imú.

A rọra wá, kìlómítà márùndínlọ́gbọ̀n ní wákàtí kan, a dúró lẹ́ẹ̀mejì láti wọn bóòtù. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ nígbà tí a rí iná ìlú. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sálúbàtà, nínú òtútù yẹn! Ó di Ernestina létí mú, etí méjèèjì. Mo wọlé lọ gbé omi kaná, kí n má baà máa wò wọ́n.


Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 24 Oṣù Kẹta

Renatus dá irinṣẹ́ padà fún Efraim, ó sì jẹ́wọ́ gíríìsì. Efraim ò bínú. Ó kàn fún un ní ìwé ẹ̀rọ kan, ó ní kó jókòó, kó ka ojú ewé 71 sókè. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.


Ọjọ́ Ẹtì Rere, 29 Oṣù Kẹta

Láti ọjọ́ Ajé, alùpùpù mẹ́sàn-án ti wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mẹ́ta nínú wọn ló dẹ̀. Wọ́n ń fi ẹyin, ẹja àti jáàmù dúpẹ́, Màmá ní kí n má ṣe tètè kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ yìí.


Ọjọ́ Àjíǹde, 31 Oṣù Kẹta

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn onífèrè idẹ ti ń fun fèrè káàkiri ìlú láti jí wa. Òtútù kò jẹ́ kí fèrè tí ó tóbi jù dún dáadáa, ó ń ké bí màlúù. Ní itẹ́ òkú, níbi tí a ti máa ń ṣe ìsìn àárọ̀ Àjíǹde, a kọrin bí oòrùn ṣe ń yọ lórí òkun dídì. Mo wà láàárín olóhùn kejì. Ernestina wà lápá ọ̀tún Màmá, láìní gèlè, fìlà irun Renatus ló dé. Màmá ò kọrin. Ó kàn yí etí sí apá ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó pajú dé.


Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Eré ìdárayá lórí èbúté. Gbogbo ìlú jáde, ooru mú, a bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ń kéde eré àwọn obìnrin tó lé lọ́gọ́ta ọdún, alùpùpù yíká erékùṣù kékeré lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin mẹ́rin péré ló jáde.

Ernestina ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbé e mì. Ó na ọwọ́ sí mi.

“Kọ́kọ́rọ́.”

“Àǹtí mi, ọdún mẹ́tàlá lẹ ò ti—”

“Hulda. Kọ́kọ́rọ́.”

Mo fún un. Ó fi àpamọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, ó gorí ẹ̀rọ, ó ká aṣọ sókè, ó lọ bá wọn lórí ìlà. Renatus sáré wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ohun tí mò ń rí?” Mo ní kó dákẹ́. Wọ́n fọn fèrè. Yìnyín fọ́n bo gbogbo wa, ẹ̀rọ pupa sì ti ṣíwájú. Ó gba ẹ̀yìn erékùṣù, a ò rí i mọ́, mo ń ka nọ́ńbà nínú mi. Ó yọ jáde lódì kejì, ó tẹ̀ síwájú, ariwo rẹ̀ ròkè, ó gba iwájú wa kọjá lákọ̀ọ́kọ́ ṣáájú gbogbo wọn. Kò dúró. Ó kọjá ìlà, ó kọjá àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, ó juwọ́ sí Màmá, ó sì tún forí lé erékùṣù náà.

“Eré ti parí o!” Renatus ń pariwo. “Àǹtí Ernestina! Eré ti parí!”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àpamọ́wọ́ lọ́rùn, mo ń wo bó ṣe ń kéré lọ.